Ìtàn Sínágọ́gù Ìlú Recife

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ìtàn Kahal Zur Israel, sínágọ́gù àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Recife ni ó wà, ní etíkun Bràsíl, ilẹ̀ tí àwọn Àgùdà Èkó ti padà wá sílé.

Ní 1497, ọba Potogí fi ipá sọ àwọn Júù ilẹ̀ rẹ̀ di ọmọ Ìjọ Àgùdà. Púpọ̀ nínú wọn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbangba, wọ́n sì ń pa òfin Mósè mọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn kan sá lọ sí Amsterdam. Àwọn mìíràn sọdá sí Bràsíl. Nígbà tí àwọn ará Họ́láńdì gba Recife ní 1630 nítorí ọrọ̀ ṣúgà, wọ́n fi àyè gba ẹ̀sìn olúkúlùkù. Bí àwọn Júù ṣe bọ́ sí gbangba nìyẹn. Wọ́n kọ́ sínágọ́gù sí Òpópónà àwọn Júù. Ní 1642 sì ni rábì wọn, Isaac Aboab da Fonseca, gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òpìtàn tòótọ́ kì í fi apá kan bò. Ní òpópónà yìí kan náà ni wọ́n ti ń ta àwọn ọmọ Áfíríkà lẹ́rú fún iṣẹ́ oko ìrèké. Ilé-iṣẹ́ òwò Họ́láńdì ni ó ń kó wọn wá. Àti Kìrìsìtẹ́nì àti Júù ni ó ń rà wọ́n.

Ní oṣù kìíní 1654, àwọn Potogí gba Recife padà, wọ́n sì fún àwọn Júù ní oṣù mẹ́ta kí wọ́n fi kó kúrò. Aboab padà sí Amsterdam. Àwọn 23 dé ìlú tí à ń pè ní New York lónìí. Gómìnà Peter Stuyvesant fẹ́ lé wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá rẹ̀ kọ̀ fún un ní 1655. Àwọn Júù náà sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀.

Ní Recife, orúkọ òpópónà yí padà, ilé mìíràn sì gba ipò sínágọ́gù. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ walẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí 1999 sí 2000, wọ́n kan odò ìwẹ̀nùmọ́ àwọn Júù. Ibẹ̀ ti di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn òmìnira, ẹ jẹ́ kí a máa bi wọ́n pé: òmìnira ta ni? Kí a sọ ti àwọn tí ó gbàdúrà nínú ilé náà, kí a má sì gbàgbé àwọn tí a tà ní ìta rẹ̀.