Ta ló gbé ẹ̀jẹ̀ sókè: lupus ni àbí oògùn rẹ̀?

Nígbà tí dókítà Brian Greenwood tú ìwé àwọn aláìsàn tí wọ́n dá dúró ní ọsibítù UCH, Ìbàdàn, nínú èèyàn tó lé ní 98,000, 104 péré ló rí tí ọmọ ogun ara wọn ń bá ara jà, irú àìsàn tí lupus jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lọ́dún 1968, ó sì fura pé ibà ló ń gbèjà wa. Lọ́dún 1970, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi eku tí àìsàn bíi lupus máa ń ṣe dán an wò. Ibà dín àìsàn náà kù lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ eku kọ́ nìjà. Ìwé àwọn tí wọ́n dá dúró ní UCH yẹn ni. Ẹni tí kò dé ọsibítù, tàbí tó dé tí wọ́n ní làkúrègbé ni, kò lè sí nínú 104 yẹn. Ní 2009, àwọn dókítà Adelowo àti Oguntona kọ ọ́ pé nínú 1,250 aláìsàn oríkèé tí àwọn rí, 66 ló ní lupus. Ká sọ òtítọ́, òṣùwọ̀n méjèèjì kò dọ́gba. Síbẹ̀, ó jọ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kì í ṣe lupus.

Níbi ẹ̀jẹ̀ ríru ni èrò pé lupus "kò wọ́pọ̀" yìí ti ń ṣe jàǹbá jù. Ọ̀dọ́mọbìnrin erékùṣù Gberefu ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà kó tó dé ọsibítù ìjọba l'Àgbádárìgì. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ga, ta ni yóò ronú kan lupus?

Méjì ni ẹ̀jẹ̀ ríru tó yẹ ká yà sọ́tọ̀ níhìn-ín. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti àrùn fúnra rẹ̀: lupus kọlu kíndìnrín, iyọ̀ àti omi kò rọ́nà jáde bó ti yẹ, ẹ̀jẹ̀ a ru. Purotéènì inú ìtọ̀ ló ń tú u fó, nígbà míì kí ẹsẹ̀ tó wú rárá. Ìkejì jẹ́ ti oògùn. Prednisolone tó ń paná lupus náà ló ń dá omi dúró lára. Diclofenac àti ibuprofen tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì nítorí oríkèé ríro ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń ni kíndìnrín lára. Ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru méjèèjì ló forí gbárí: àkọ́kọ́ lè béèrè pé kí dókítà fi kún prednisolone, ìkejì pé kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lójijì. Bẹ́ẹ̀ méjèèjì lè wà lára ẹnì kan ṣoṣo, níbi tí ìyàtọ̀ tí à ń fọ́nnu lé lórí yìí ti ń di ẹlẹgẹ́.

Ní 2022, EULAR, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ilẹ̀ Yúróòpù, dámọ̀ràn pé kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní lupus máa wà lábẹ́ 130/80. Kí ni ìyẹn ṣe fún ẹni tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ní in? Kí ọ̀dọ́mọbìnrin kankan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga má ṣe gba oògùn kúrò l'Àgbádárìgì láìjẹ́ pé wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.