Ìrísí Tuntun Ń Bọ̀: Ìtàn Ọkọ̀ Ẹbí láti orí 504 dé orí Jíípù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Bí ó ti rí fún ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Toyota ti ilẹ̀ Japan fi ìrísí kẹfà jíípù RAV4 han gbogbo ayé. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi gba ẹnu àwọn tí mo mọ̀ ní Ìlọrin níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní owó tí yóò fi ra tuntun. Kí ni ẹni tí kò ní ra nǹkan ń retí nínú rẹ̀? Ìtàn ni yóò dá wa lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ orúkọ wò, nítorí pé ẹ̀kọ́ èdè ni mo ń kọ́. Jeep ni orúkọ ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò láti ọdún 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ̀ ẹbí tí ó bá ti ga nílẹ̀, ìbáà ṣe Toyota, ìbáà ṣe Honda, jíípù ni. Ọkọ̀ ogun ti di ọkọ̀ tí a fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé.

Kí jíípù tó gba ipò yìí, Píjò 504 ni ọkọ̀ ẹbí. Ọdún 1968 ni àwọn Faransé gbé e jáde. Ní oṣù Kẹta ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ náà pọ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn nínú wọn, tí ó ní ọ̀wọ́ ìjókòó mẹ́ta, ni bàbá olọ́mọ púpọ̀ fẹ́ràn, òun náà sì ni àwọn awakọ̀ fi ń kó èrò ní gárèjì. Nígbà tí 505 jáde ní ọdún 1979, Kàdúná gba òun náà mọ́ra, ṣùgbọ́n wọn kò tìtorí rẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n jáde. Ní ọdún 1983, àwọn Faransé fúnra wọn dáwọ́ ṣíṣe 504 ayọ́kẹ́lẹ́ dúró; ti Kàdúná kò dúró títí ọdún 2000 fi kọjá. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Kò sí ìlú tí a kì í ti í rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò mọ inú rẹ̀. Ní àkókò náà, a kì í sáré lé ìrísí tuntun, nítorí pé èyí tí ó wà lọ́wọ́ kò já wa kulẹ̀.

Owó ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ọdún 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ní ọdún 1986, ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀. Kí ọdún 1987 tó parí, dọ́là kan ti di bíi náírà mẹ́rin. Ọkọ̀ tuntun kúrò ní ohun tí apá olùkọ́ tàbí akọ̀wé ká. Ìgbà náà ni ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ti lò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀, tí púpọ̀ nínú wọn ń gba Kutọnu wá. Àwọn ènìyàn wa sọ wọ́n ní Tòkunbọ̀. Ẹ wo ọgbọ́n inú orúkọ yìí! A kò pè é ní àlòkù. Orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun tí a sì gbé bọ̀ wá sílé ni a fún un.

Láti ìgbà náà ni a ti di ẹni tí ń retí ìrísí tuntun. Ìṣirò wa ni pé bí òyìnbó bá rí tuntun, yóò ta ti ọwọ́ rẹ̀. Èyí tí ó tà ni yóò sọdá òkun wá bá wa. RAV4 kìíní jáde ní ọdún 1994, èkejì ní 2000, ẹ̀kẹta ní 2005, ẹ̀kẹrin ní 2012, ẹ̀karùn-ún sì ní 2018. Àwọn ti ìṣáájú a máa pọn táyà sẹ́yìn bí ìyá ti í pọn ọmọ. Ẹ̀kẹrin ni ó sọ táyà náà kalẹ̀. Bí ìrísí bá sì ti yí, àwa a sọ ọ́ lórúkọ. Camry ọdún 2002 ni “Big Daddy”, ti 2007 ni “Muscle”. Accord ọdún 2003 ni “End of Discussion”, èyí ni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 2008, Honda tún gbé òmíràn jáde, ọ̀rọ̀ kò sì parí mọ́.

Ní báyìí, ìṣirò àtijọ́ náà ti daru. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tí kò tó náírà 500 ní báńkì tẹ́lẹ̀ kọjá 1,500 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Lásìkò náà, ọkọ̀ ń gbó, iye rẹ̀ ní náírà sì ń ga sí i. Ẹni tí ń retí kí ti àtijọ́ rọlẹ̀ dà bí ẹni tí ń dúró de ojò nínú ọyẹ́.

Ohun tí ó kù tí ó yẹ kí a máa retí, ewu ni. Nígbà tí ọkọ̀ fi kábúrétọ̀ sílẹ̀ tí ó di oníkọ̀ǹpútà, orí ọkọ̀ oníbàárà ni púpọ̀ nínú àwọn mẹkáníìkì wa ti kọ́ ọ, àwa ni a sì sanwó ẹ̀kọ́ náà. RAV4 kẹfà yìí tún yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí púpọ̀ nínú Tòkunbọ̀ wa ti ń wá, kò sí èyí tí ń lo epo bẹntiróòlù nìkan nínú rẹ̀ mọ́. Epo àti bátìrì ńlá ni gbogbo wọn jọ ń lò. Bátìrì náà kì í ṣe ti fóòtì 12 tí a mọ̀. Agbára irú rẹ̀ ju fóòtì 200 lọ, ó sì lè pa ènìyàn. Wáyà rẹ̀ a máa pọ́n bí àgbálùmọ̀, kí ẹni tí ó mọ̀ lè yàgò fún un. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mélòó ni ó mọ̀?

Ẹni tí ń retí àlejò a máa gbálẹ̀ dè é. Ó lè tó ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kí jíípù yìí tó pọ̀ ní ìgboro Ìlọrin. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹgbẹ́ mẹkáníìkì lo àkókò náà. Iṣẹ́ kan sì kan àwa tí a ń kọ́ èdè. A ti fi Yorùbá sọ ọkọ̀ àjèjì ní Tòkunbọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi Yorùbá kan náà ṣàlàyé bátìrì àti wáyà rẹ̀, kí ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè mọ èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.