Bí A Ṣe Mọ̀ Pé Afẹ́fẹ́ Ní Ìwúwo

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, a kì í fi ojú rí afẹ́fẹ́, síbẹ̀ ó ní ìwúwo. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn amòye Yúróòpù rí. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, ti kọ́ wọn pé òfìfo kò lè sí nínú ayé. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá fa omi láti inú kànga, wọn a ní ìkórìíra òfìfo ni ó gbé omi gòkè. Ṣùgbọ́n omi kì í kọjá nǹkan bí mítà 10, bó ti wù kí a fà á tó.

Ní 1644, Torricelli ará Ítálì ṣàlàyé nínú lẹ́tà kan pé afẹ́fẹ́ ìta ni ó ń tì í gòkè. Mẹ́kúrì, tí ó wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 13 àti ààbọ̀, kò ga ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 76 lọ nínú ọ̀pá dígí.

Blaise Pascal, ọmọ ìlú Clermont ní ilẹ̀ Faransé, ni ó wá ẹ̀rí tí yóò parí àríyànjiyàn náà. Bí afẹ́fẹ́ bá ni ó ń tẹ mẹ́kúrì, mẹ́kúrì gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ sí i lórí òkè gíga, níbi tí afẹ́fẹ́ ti dín kù. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsán-án 1648, Florin Périer, ọkọ ẹ̀gbọ́n Pascal obìnrin, gun òkè Puy de Dôme. Ọ̀pá tí a ṣọ́ nísàlẹ̀ kò yí padà. Ti orí òkè fi sẹ̀ǹtímítà 8 ó lé díẹ̀ rẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà tí ó ti ju 1,900 ọdún lọ, ọ̀pá méjì ni ó dá a lẹ́jọ́.

Nínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1663, lẹ́yìn ikú rẹ̀, Pascal fi hàn pé nínú àgbá omi olójú méjì, bí ojú kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ ní ìlọ́po 100, ẹnì kan tí ó tẹ ojú kékeré yóò ká ènìyàn 100 tí ó tẹ ojú ńlá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ti kékeré yóò rìn jẹ́ ìlọ́po 100, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá gígùn tí a fi ń hú òkúta.

Nítorí náà, ẹ má ṣe da agbára pọ̀ mọ́ ìtẹ̀. Agbára kan náà ni a lè fi ti abẹ́rẹ́ àti ọmọ odó. Abẹ́rẹ́ a gúnni, ọmọ odó kì í gúnni, nítorí pé ìtẹ̀ ni agbára tí a pín sí ìfẹ̀ ojú ibi tí ó kàn. Ní 1971 ni a fi orúkọ Pascal sọ òṣùwọ̀n ìtẹ̀ ní gbogbo ayé. Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ó kù kí a máa lò wọ́n ní ipò wọn.