Nọ́ńbà Mẹ́rin Lára Òṣìṣẹ́ Kan

Mú òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ní ilé-iṣẹ́ ní Sàngó Ọ̀tà. Nọ́ńbà káàdì rẹ̀ ni 417. Ọ̀gá fún un ní máàkì 3 nínú 5. Ẹ̀rọ tó dúró tì gbóná dé 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Ó sì ní owó oṣù. Ojú kan náà ni kọ̀ǹpútà fi ń wo gbogbo wọn. Iṣẹ́ mi ni kíkọ sọ́fúwíà, mo sì mọ̀ pé tí o bá ní kó wá ìpíndọ́gba nọ́ńbà káàdì, á ṣe é, kò ní bi ẹ́ léèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ rí. Ní 1932, British Association yan ìgbìmọ̀ kan láti wò ó bóyá èèyàn lè wọn ohun tí ara ń mọ̀, bíi bí ariwo ṣe ń dún sí létí. Títí di 1940, wọn ò fẹnu kò. S. S. Stevens ti Harvard, tí ìwọ̀n ariwo tirẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, fèsì nínú ìwé ìròyìn Science ní 1946: oríṣi ìwọ̀n mẹ́rin ló wà.

Èkíní, orúkọ lásán: 417 kò ju 416 lọ. Èkejì, ipò, bíi Ọ̀tún àti Òsì láàfin: a mọ ẹni tó wà níwájú, a ò mọ iye tó fi jù. Ẹ̀kẹta ni ooru. Àlàfo 20 sí 40 dọ́gba pẹ̀lú ti 40 sí 60, ṣùgbọ́n 40 kì í ṣe ìlọ́po méjì 20. Yí wọn sí Fahrenheit, wọ́n á di 68 àti 104. Ìlọ́po méjì dà? Owó ni ẹ̀kẹrin, torí òdo rẹ̀ ni kéèyàn má ní nǹkan kan. Ní January 1, 1973, tí Nàìjíríà fi pọ́n-ùn sílẹ̀ fún náírà, £1 di ₦2. Ẹni tó ń gba £10 bọ́ sí ₦20, ẹni tó ń gba £20 bọ́ sí ₦40. Ìlọ́po méjì ò yẹ̀.

Frederic Lord fi nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì bọ́ọ̀lù fi Stevens ṣe yẹ̀yẹ́ ní 1953: nọ́ńbà ò mọ ibi tó ti wá, kí ló dé téèyàn ò ní ṣírò rẹ̀? Àwàdà yẹn dùn, àmọ́ wo máàkì ọ̀gá wa.

Ká ní wọ́n fẹ́ dá ọ̀kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ nínú kásúà méjì. Èkíní gba 3, 3, 3. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 3. Èkejì gba 1, 2, 5. Tirẹ̀ ò pé 3, òun ló ń lọ. Ká wá ní ọ̀gá pe "ó dára jù" ní 10 dípò 5. Ipò ò yí, ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba èkejì ti ju 4 lọ. Èkíní ló ń lọ sílé báyìí, kò sì sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà tó wà láàárín ni Stevens ní ká mú: 3 fún èkíní, 2 fún èkejì, ì báà jẹ́ 5 tàbí 10 ni wọ́n kọ.