Hubert Maga: Ọmọ Parakou Tó Lọ Ṣe Àtìpó, Tó sì Padà Sórí Àga

Nígbà tí àwọn Tápà gba Ọ̀yọ́ Ilé, ilẹ̀ Ìbàrìbá ni Aláàfin Onígbogí sá lọ. Ibẹ̀ ló kú sí. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni wọ́n tún ìjọba Ọ̀yọ́ gbé dìde. Ilẹ̀ Ìbàrìbá yìí kan náà ló bí olórí mìíràn tí a lé kúrò lórí oyè, ṣùgbọ́n òun fi ojú ara rẹ̀ rí àbọ̀.

Hubert Koutoukou Maga ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1916 ni a bí i ní Parakou, ìlú tí Ladjifarani jẹ́ àdúgbò kan nínú rẹ̀, níbi tí Ìbàrìbá, Dendi àti Yorùbá ti jọ ń gbé. Ó ṣe olùkọ́ ní Natitingou kí ó tó wọ òṣèlú. Ní 1951, ó di aṣojú Dahomey ní ilé aṣòfin ilẹ̀ Faransé ní Paris. Ní 1959, ó di olórí ìjọba Dahomey. Òun ló kéde òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960, tó sì di ààrẹ àkọ́kọ́.

Adùn oyè náà kò pẹ́. Àpò ìjọba gbẹ, síbẹ̀ ó kọ́ ààfin ńlá sí Cotonou. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1963, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ìgboro dàrú, ọ̀gágun Christophe Soglo sì gbàjọba. Wọ́n há Maga mọ́lé. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1965, ó forí lé Paris. Ìlú tó ti jókòó rí bí aṣòfin ni ó wá ń gbé bí àtìpó.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Àríwá kò gbàgbé rẹ̀. Ní 1968, ìjọba ológun ní kí àwọn ààrẹ àtijọ́ má dupò. Ọ̀pọ̀ olùdìbò jókòó sílé, wọ́n sì wọ́gi lé ìdìbò náà. Ní 1970, Maga padà wá dupò. Wọ́n tún dá ìdìbò náà dúró láìparí. Maga halẹ̀ pé Àríwá yóò ya kúrò; orílẹ̀-èdè fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Níkẹyìn, òun, Sourou-Migan Apithy ti Porto-Novo àti Justin Ahomadégbé ti Abomey fìmọ̀ ṣọ̀kan pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe olórí fún ọdún méjì. Maga ló kọ́kọ́ jẹ.

Nígbà tí ọjọ́ keje oṣù karùn-ún ọdún 1972 pé, ó dìde, ó sì fi àga sílẹ̀ fún Ahomadégbé. Ìbọn kò dún. Ohun tí wọ́n fi ipá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1963 ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Mathieu Kérékou gbàjọba, Maga sì wà ní àhámọ́ títí di 1981. Ó padà jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà níbi àpérò orílẹ̀-èdè ní 1990, ó sì papòdà ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 2000. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Cotonou ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Ìgbà kan kò lo ilé ayé gbó. Kí ọmọ Parakou tó ń sọ ti ààfin tí Maga kọ́ má gbàgbé ọjọ́ tí ó dìde lórí àga láìsí ẹni tó tì í.