Ètò Ìrìnnà Ìlú Èkó

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Aṣètò ìrìnnà ni í ka iye èrò, tí í sì wo ibùgbé àti ibi iṣẹ́ wọn, kí ó tó yan ọkọ̀ tí ó yẹ wọ́n. Ní 1983, ìjọba Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú ní Èkó. Ní 1985, ìjọba ológun fagi lé e. Ní 2002, òfin dá àjọ LAMATA sílẹ̀. Ètò ọkọ̀ ojú irin tuntun la ọwọ́ gómìnà mẹ́ta kọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 dé Marina ní 2023. Ǹjẹ́ kò hàn gbangba pé ètò tí òfin kò bá gbé ró, olórí tuntun lè pa á rẹ́?