Meteosat
Meteosat ni àwọn sátẹ́láìtì tí Yúróòpù fi ń ṣọ́ ojú ọjọ́; àkọ́kọ́ wọn gbéra ní oṣù Kọkànlá ọdún 1977. Olórí wọn dúró lókè Òkun Gínì, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà. Bí ayé ṣe ń yí ni òun náà ń yí, kò kúrò lójú kan. Ohun tó sọ ọ́ di iyebíye fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìyẹn, níbi tí rádà ojú ọjọ́ kò ti pọ̀. Tọ̀sán-tòru ló ń wo ooru ara àwọsánmà: èyí tí orí rẹ̀ bá tutù jù ló sábà máa ń ga jù, ibẹ̀ sì ni òjò oníjì ti ń wá. Eruku ọyẹ́ pàápàá kì í pamọ́ fún un. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní 2022 tún ń rí mànàmáná bó ṣe ń kọ.